Ìpè Tí Ògúnmọ́dẹdé Kò Jẹ́

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ bá Ògúnmọ́dẹdé ọ̀rẹ́ mi sọ, ẹ má dúró lókèèrè pè é. Ẹ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wo ojú yín, kó wo ọwọ́ yín, kó sì wo ẹ̀yìn yín bóyá ẹnì kan ń tẹ̀ lé yín. Ìgbà náà ni yóò tó bi yín pé kí ló dé. Èmi Ọlálẹ́yẹ ti dúró sí ẹnu ọ̀nà oko rẹ̀ rí, mo pè é títí ọ̀fun mi fi gbẹ, àṣé ó wà lẹ́yìn igi ìrókò tó wà níwájú mi, ó ń wò mí láti ìgbà tí mo ti dé. Mo bú u lọ́jọ́ náà débi pé mo gbàgbé ohun tí mo bá wá. Kò tilẹ̀ bínú. Ó ní ohùn mi ló dún bí ohùn ẹlòmíràn.

Gbogbo Ọ̀kà, ìlú wa, ló mọ ohun tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun Tápà wọ ìlú wa kẹ́yìn, ọmọ kékeré tí ń rìn tàgétàgé ni Ògúnmọ́dẹdé, ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fádáhùnsí, tí òun náà kò tíì ju ọmọ tí wọ́n ń rán lọ sódò, gbé e pọ̀n, ó sá gun àpáta ẹ̀yìn ilé wọn, ó sì tì í bọ inú pàlàpálá kan tí àgbàlagbà kò lè gbà wọlé. Bí Fádáhùnsí ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n so ó mọ́ àwọn yòókù, wọ́n kó wọn gba ọ̀nà Kàbà lọ. Nígbà tí ìlú rọ̀, ìyá wọn ń ti orí àpáta kan bọ́ sí òmíràn, ó ń pe ọmọ. Ọmọ gbọ́ ohùn ìyá, kò jẹ́. Ikọ́ tó wú ni wọ́n fi rí i. Ìyá rẹ̀ fà á jáde, ó nà án, ó sì tún gbá a mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń bi í pé kí ló dé tí kò dáhùn. Ọmọ kò rí nǹkan kan sọ, àgbà tó sì dà lẹ́yìn náà kò rí nǹkan kan sọ.

Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, jàgùdà kan dé sí ìlú wa, ó ní òun ni Fádáhùnsí. Ìyá fi ijó pàdé rẹ̀. Wọ́n pa ewúrẹ́. Ó jẹ, ó mu, ó sùn lórí ẹní tuntun, ilẹ̀ mọ́, a kò rí i mọ́, a kò sì rí aṣọ òkè tí ìyá tọ́jú fún ọjọ́ ìsìnkú ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ Fádáhùnsí nínú ilé yẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi kò bá Ògúnmọ́dẹdé jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń bá a jà lé lórí ni pé gbogbo ekòló ilẹ̀ Àkókó ló ti sọ di ejò.

Àwa mẹ́ta la máa ń rìn pọ̀: èmi, òun, àti Suleiman. Suleiman ni ìmàle inú wa. Ẹní ló ń tà, ó ń ná ọjà Ìkàrẹ́, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Memunat ìyàwó rẹ̀. Òun ló mú ìròyìn eré náà wá. Nígbà náà, ogun Jámánì kò tíì dé, ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó ṣì ń wọ̀lú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọdé sì ń sá tẹ̀ lé e. Suleiman ní ọ̀gá ṣọ́jà kan, Òyìnbó tí àwọn ará Ìkàrẹ́ ń pè ní Onírùngbọ̀n Pupa, ti pàgọ́ sí Ìkàrẹ́ pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà Tápà rẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù kan tí kò rí rogodo, tó gùn bí ẹyin. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ Ìkàrẹ́, Ògbàgì àti Ese bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ti dá ọjọ́ tí Àkókó yóò bá Tápà figagbága. Ògbufọ̀ rẹ̀ ní lọ́dọọdún ni orílẹ̀-èdè kan ń bá èkejì ṣe é ní ìlú wọn lọ́hùn-ún, pé àwọn ọ̀rẹ́ a kó ara wọn jọ, wọn a rìn láti ọ̀nà jíjìn, wọn a sùn sílé onílé, wọn a jẹ, wọn a mu, wọn a wo eré, wọn a sì padà sílé.

Àwọn àgbà wa gbọ́, wọ́n ta kété. Bàbá kan ní àdúgbò wa ní kí a wò ó dáadáa: Òyìnbó ló pè wá, Tápà ló dúró tì í, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n sì ní kó wá. Ó bi wá bóyá wọ́n ní kí arúgbó wá pẹ̀lú. A ní rárá. Ó ní kí a lọ ronú sí i. Mo ronú sí i, mo sì rí i pé mo fẹ́ lọ. Kí ni mo ń ṣe nílé? Iṣu ti ta, ebè ti parí, ẹsẹ̀ sì ń yún mi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Suleiman kò fi Ògúnmọ́dẹdé lọ́rùn sílẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ lọ, kò bẹ̀ mí. Ògúnmọ́dẹdé tí kì í lọ síbì kankan ló ń bẹ̀ ní àárọ̀, tó ń bẹ̀ ní alẹ́. Ó ní bó bá kọ̀, òun náà kò ní lọ. Ó ní kó ro ti ọ̀rẹ́. Nígbà tó yá, Ògúnmọ́dẹdé gbà, ṣùgbọ́n ó pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Ọlálẹ́yẹ, kí ni Suleiman fẹ́ fi mí ṣe ní Ìkàrẹ́?" Mo ní bóyá ó fẹ́ fún un ní ìyàwó. Kò rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ tí a fẹ́ gbéra, Ògúnmọ́dẹdé dé ilé ìyá rẹ̀, ó bá Suleiman níbẹ̀, Suleiman àti ìyá arúgbó jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Suleiman ní òun wá kí ìyá ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ń di ńlá lójú onífura: kò sí ẹni tí kì í kí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó gba ọ̀nà, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ dé Akùngbá, Ògúnmọ́dẹdé kò rìn níwájú Suleiman. Ẹ̀yìn ló ń rìn, ó sì mú àdá lọ́wọ́ bí ẹni tí ń lọ sóko.

Lẹ́yìn tí a kọjá Akùngbá ni Suleiman bà á jẹ́. Ó kàn ṣe bí ẹni tí ń ṣàwàdà, ó ní, "Ògúnmọ́dẹdé, kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé nígbà tí o wà ní kékeré?"

Ògúnmọ́dẹdé dúró lójú ọ̀nà. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Suleiman ní kò sí, ọ̀rọ̀ ló fa ọ̀rọ̀. Ó yí i padà sí ọ̀rọ̀ ẹní àti iye àlejò tí yóò wọ̀lú. Ẹnu rẹ̀ kò dán mọ́rán, èmi pàápàá rí i. Bí ó ti rìn síwájú díẹ̀, Ògúnmọ́dẹdé fà mí sẹ́yìn. Ó ní ṣé n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi orúkọ ilé ṣe ni? Ẹni tó bá mọ orúkọ tí ìyá ẹni fi ń pe ẹni, ó lè dúró níbi tí a kò ti rí i, kó pè é. Bí a bá jẹ́, ó parí, àpèta nìyẹn. Ó ní kí n rántí pé bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ní ẹni tí ebi ń pa ló ń ronú báyìí, kó jẹ́ ká dé Ìkàrẹ́ ká jẹun.

A sì jẹun. Ilé ìyá ìyàwó Suleiman la dé sí, Àsíátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Memunat la ń pè é. Obìnrin gígùn ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yá, ọwọ́ rẹ̀ sì là. Ó gún iyán fún wa, ó bu ẹran ìgbẹ́ sí i, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ sí ulé o, ẹ̀yin ọmọ Ọ̀kà." Mo jẹ títí mo fi tú ìgbànú. Ògúnmọ́dẹdé dúró kí Suleiman kọ́kọ́ jẹ nínú abọ́ rẹ̀, ó wò ó bó ti gbé e mì, kó tó bu òkèlè. Ìyá Memunat rí i. Ó wo àna rẹ̀ tìyanutìyanu.

Ní ọjọ́ kejì, ìlú kún. Àwọn ará Ògbàgì dé pẹ̀lú ẹmu, àwọn ará Afin dé pẹ̀lú ìfọ́nnu pé àwọn nìkan ló mọ eré náà. A rìn káàkiri ọjà, a wo ilé tí wọ́n fi páànù bò, a rí ẹṣin Onírùngbọ̀n Pupa tó ń jẹ oúnjẹ tó dára ju tiwa lọ. Inú mi dùn gan-an. Àwọn ṣọ́jà Tápà ń rìn láàárín wa, wọ́n ń ra obì, wọ́n ń kí ènìyàn. Ọ̀kan nínú wọn, géńdé fífẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Músá, kí Suleiman bí ẹni kí ọmọ ìyá rẹ̀, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí etí ara wọn. Mo wẹ̀yìn kí n sọ fún Ògúnmọ́dẹdé pé kó wá wo èjìká ọkùnrin yìí. Ó ti rí i. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Pápá tí wọ́n ti ṣe eré náà wà nísàlẹ̀ òkè, wọ́n ti ṣán an. A dúró sí etí rẹ̀, èmi àti Ògúnmọ́dẹdé. Suleiman ní òun fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnì kan, ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Tápà lódìkejì. A ń wò ó. Ó dúró ti Músá, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì na ìka sí ibi tí a wà. Músá tẹ̀ lé ìka náà pẹ̀lú ojú. Ó wò wá pẹ́.

Ògúnmọ́dẹdé ní, "Ìwọ náà rí i àbí?" Mo rí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ẹmu tí mo mu kò dùn mọ́ mi lẹ́nu. Suleiman tí mo mọ̀ láti kékeré, kí ló ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ han ṣọ́jà fún?

Onírùngbọ̀n Pupa fun fèrè, eré bẹ̀rẹ̀. Ẹ má béèrè òfin rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sáyà, wọ́n ń sá. Ẹni tó bá gbé e ni gbogbo ayé ń lé, wọn a fà á lẹ́sẹ̀, wọn a wó lé e. Ìgbà mìíràn wọn a tẹ orí ba, wọn a fi èjìká ti ara wọn bí àgbò, bọ́ọ̀lù yóò sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ jù ú fún ará ilé wọn, wọn kì í jù ú síwájú, ẹ̀yìn ni wọ́n ń jù ú sí. Mo ní eré wo lèyí, tí ẹni tó ń lọ síwájú ń kó ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn? Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ Ògbàgì kan já bọ́ láàárín Tápà méjì tó gbé e dé ìdí òpó tí wọ́n ń ṣọ́, mo fò sókè bí ọmọdé, mo gbá arúgbó kan mọ́ra tí n kò mọ̀ rí.

Níbi tí inú wa ti ń dùn ni ẹnì kan ti ta bọ́ọ̀lù náà sókè. Atẹ́gùn gbé e. Ó yí lókè, ó wá bọ́ sí àyà Ògúnmọ́dẹdé, ọ̀rẹ́ mi sì gbá a mú. Ẹni tí wọ́n bá ju nǹkan sí yóò gbá a mú ṣáá. Ó gbójú sókè, ó rí Músá tó ń sáré bọ̀ tààrà. Ẹlòmíràn ì bá ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ògúnmọ́dẹdé yí padà, ó fi eré sí i, bọ́ọ̀lù wà lábíyá rẹ̀, Músá ń lé e, gbogbo pápá ń rẹ́rìn-ín, Onírùngbọ̀n Pupa ń fun fèrè, kò sí ẹni tó dúró nínú àwọn méjèèjì. Lẹ́bàá igbó ni Músá ti dì í lẹ́sẹ̀ mú, tí wọ́n jọ ṣubú. Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Mo rí i tí Tápà náà tẹ ẹnu mọ́ etí rẹ̀, tó sọ nǹkan kan. Mo rí ojú Ògúnmọ́dẹdé. Ó ṣí ẹnu, ó fi eyín bu apá ọkùnrin náà jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sì sá wọ àárín ilé lọ, fìlà rẹ̀ wà nílẹ̀. Músá kò lé e mọ́. Ó jókòó sínú koríko, ó mú fìlà náà, ó di apá rẹ̀ mú, ó ń wo ọ̀nà tó gbà.

Mo bá Ògúnmọ́dẹdé nílé Ìyá Memunat, nínú yàrá tí Suleiman ń kó ẹní sí. Ó ti dúró sẹ́yìn àwọn ẹní tí wọ́n ká. Ó ní Tápà náà pe orúkọ òun, kì í ṣe Ògúnmọ́dẹdé, orúkọ tí wọ́n ń pe òun nílé kí ogun tó dé, tí ẹnikẹ́ni kò pè mọ́ láti ọjọ́ ogun.

Mo ní, "Orúkọ wo?"

Ó wò mí lójú pẹ́ kó tó sọ ọ́. "Tìmùtìmù."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ dárí jì mí. Ta ni ènìyàn á pè ní Tìmùtìmù tí yóò kú? Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pa ẹ̀rín náà mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní ìyá òun arúgbó ti jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu fún Suleiman lówùúrọ̀ àná, Suleiman sì ti tà á fún àwọn Tápà. Bí òun bá ti jẹ́ lórí pápá yẹn, òun ì bá ti tẹ̀ lé wọn dé Bídà bí àgùntàn. Bí mo ti rí ìka tí Suleiman nà, n kò mọ ohun tí mo lè fi gbèjà rẹ̀. Mo jáde lọ wá a.

N kò rí i. Ìgbà tí mo fi ń wá a, Músá wá sílé náà. Ìyá Memunat ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ni, òun ń jọ ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀ síta, ó kí òun pẹ̀lú sàlámù, ó béèrè ará Ọ̀kà. Òun ní ó wà nínú yàrá. Ó lọ dúró sí ẹnu ìlẹ̀kùn, kò fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn. Ó pe Tìmùtìmù. Ó ní, "Tìmùtìmù, jáde. Wọ́n ti lọ." Kò gbọ́ èsì. Ó dúró, ó tún pè é bẹ́ẹ̀. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde láìwọ̀ ọ́.

Ìyá Memunat ní ohun kan ló yà òun lẹ́nu. Géńdé ni ọkùnrin náà, ó ní irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n èdè Ọ̀kà tó sọ, èdè ọmọ kékeré ni. Ó ní bí ọmọ tí kò tíì ká eyín ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́.

Ògúnmọ́dẹdé gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹní. Ohun tó gbọ́ ni pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ, pé ó ku òun nìkan nínú ilé, kí òun jáde kí wọ́n mú òun. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ ẹnu ara rẹ̀.

Nígbà tí Suleiman dé, Ògúnmọ́dẹdé bọ́ sí àgbàlá pẹ̀lú àdá. Ó ní, "Ta lo tà mí fún?"

Suleiman wo àdá náà, ó wo èmi, ó jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Ó ní ó ti tó oṣù mélòó kan tí òun àti Músá ti ń kírun pọ̀ ní mọ́ṣáláṣí Ìkàrẹ́. Músá ló bi òun pé ará ibo lòun, nígbà tó sì gbọ́ Ọ̀kà, ó sunkún. Músá ní abẹ́ àpáta ní Ọ̀kà ni wọ́n ti kó òun, òun kò rántí orúkọ tí wọ́n sọ òun mọ́, ṣùgbọ́n òun ní àbúrò kan. Suleiman bi í lórúkọ àbúrò náà, Músá kọ̀, ó ní bí òun bá pè é tó bá jẹ́, òun yóò mọ̀ pé àbúrò òun ni. Suleiman ní ìyá Ògúnmọ́dẹdé ti jẹ ìyà ẹlẹ́tàn lẹ́ẹ̀kan, òun kò sì fẹ́ mú ẹlẹ́tàn kejì wá, ìdí nìyẹn tí òun fi ń wádìí lábẹ́lẹ̀. Ìka tí òun nà, òun fi hàn án pé ẹni tí òun rò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kò wọ Ògúnmọ́dẹdé lára. Ó ní jàgùdà ìjọ́sí náà sọ pé abẹ́ àpáta ni wọ́n ti kó òun. Ó ní gbogbo Ọ̀kà ló wà lábẹ́ àpáta. Suleiman fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, Ògúnmọ́dẹdé ní òun kò fẹ́ gbọ́, ó fi ìka di etí bí ọmọdé. Suleiman wò ó. Ó ní, "Láti ìgbà tí a ti jọ ń lọ sódò, o ò gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ kan rí, àbí?" Ìfura loògùn àgbà, wọ́n ní, ṣùgbọ́n oògùn tí ọ̀rẹ́ mi ń lò ti ń pa aláìsàn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ògúnmọ́dẹdé. Ó tẹ́ ẹní sí ẹnu ìlẹ̀kùn, ó fi àdá sábẹ́ orí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Suleiman ti ìrun bọ̀. Fìlà Ògúnmọ́dẹdé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ níwájú Ògúnmọ́dẹdé, ó sì dúró lókèèrè, nítorí àdá. Ó ní àwọn ṣọ́jà ti ń gbéra, wọ́n ti kó ẹrù, Kàbà ni wọ́n ń lọ, láti ibẹ̀ wọ́n ń lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó ní Músá fi ọ̀rọ̀ kan rán òun tí kò yé òun, ṣùgbọ́n òun ti ṣèlérí pé òun yóò jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an.

"Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun wí pé òun yóò padà wá pè ọ́, òun sì ti wá pè ọ́. Ó ní kí o má bínú pé ó pẹ́."

Ògúnmọ́dẹdé mú fìlà náà. Mo rò pé yóò tún gbé ẹjọ́ rẹ̀ kalẹ̀, mo ti ń mú èébú sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ ẹnu ara rẹ̀, bó ti ṣe lẹ́yìn ẹní lánàá, ó sì wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Ó ní, "Ó fi ọwọ́ dí mi lẹ́nu. Nínú àpáta. Ó ní, má jẹ́ fún ẹnikẹ́ni, bó jẹ́ ìyá wa ló pè ọ́. Èmi ni n óò wá pè ọ́. Bí mo bá ní wọ́n ti lọ, kí o jáde."

Kò sí ẹni tó mọ èyí láyé àyàfi àwọn méjèèjì, òun pàápàá ti gbàgbé rẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ nà án fún, tó bi í títí, tí kò rí èsì rẹ̀, òun nìyẹn. Ọmọ náà kò ṣe oríkunkun. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán an ló ń jẹ́, ó sì ń jẹ́ ẹ títí tó fi hu irùngbọ̀n.

Ó dìde, ó sá. Kò mú àdá. Èmi àti Suleiman sá tẹ̀ lé e, mo kọsẹ̀ lára odó Ìyá Memunat, mo dìde, mo ń sá lọ. A gba àárín ọjà, a gba ẹ̀yìn pápá, a bọ́ sí ọ̀nà Àrígìdì. A rí wọn níwájú, àwọn ṣọ́jà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹrù wà lórí àwọn kan, Onírùngbọ̀n Pupa wà lórí ẹṣin. Wọ́n ti fẹ́ yà wọ kọ̀rọ̀ ọ̀nà tó wà níbẹ̀. Èémí Ògúnmọ́dẹdé ti tán, ó dúró, ó di eékún mú, ó sì pariwo orúkọ tí a kì í dá nílé wọn.

"Fádáhùnsí!"

Ẹnikẹ́ni kò wẹ̀yìn. Ó tún pè é. Wọ́n ń lọ. Mo rí ẹ̀yìn Músá láàárín wọn, ó fi aṣọ di apá rẹ̀, ó ń tẹ ẹsẹ̀ bí àwọn yòókù ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Orúkọ náà ti kú létí rẹ̀. Ta ló pè é bẹ́ẹ̀ ní Bídà? Ta ló pè é bẹ́ẹ̀ lágọ̀ọ́ ṣọ́jà? Ògúnmọ́dẹdé wo èmi, ó wo Suleiman, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìgbà náà ló ká ọwọ́ mọ́ ẹnu. Kò pe ẹnì kankan mọ́. Ó jẹ́.

"Òoo!"

Bí ọmọdé ṣe ń jẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jẹ́ ẹ, gbọọrọ, láti inú ikùn wá. Ó tún jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin tó fi aṣọ di apá dúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọlù ú. Ẹnì kan bú u ní èdè Tápà. Kò yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó kọ́kọ́ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí etí ọ̀nà. Nígbà tó wá yí padà, ó wò wá láti ọ̀nà jíjìn, Onírùngbọ̀n Pupa ń fun fèrè lórí ẹṣin, ó ń fun ún, Músá kò dá a lóhùn.

Ó ní, "Tìmùtìmù."

Ògúnmọ́dẹdé ní, "Òo."

"Wọ́n ti lọ."

Ọ̀nà gbalasa ni, oòrùn ti là, kò sí igi, kò sí àpáta, kò sí ohun tí ènìyàn lè fara pamọ́ sí. Ọ̀rẹ́ mi sì jáde lọ bá a.